Bàbá, Ẹ Má Fi Íápíìsì Sí Àṣíátà Létí

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìnáwó tó ń bọ̀ lọ́nà, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ àlejò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìnáwó yẹn gan-an ló mú mi kọ̀wé, tí inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti kí yín. Màmá mi, ẹ kú ọjà, ẹ kú làálàá ẹnubodè. Ìyá Àgbà, ẹ kú ìjókòó, ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n Mùfú, mo kí ẹ̀yin náà, torí ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ àbúrò, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn sí yín, mi ò sì ní fi ìkíni bò ó mọ́lẹ̀. Àṣíátà àbúrò mi, ìwọ má bẹ̀rù. Kò sí ohun tí o ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má wá Àṣíátà kiri Ìwòyè-Kétu o. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Mo yí i padà, mo sì yí ti Ẹ̀gbọ́n náà padà, torí ojú tó máa ka ìwé yìí ju ojú ilé wa lọ. Màá sọ ìdí rẹ̀ kí n tó parí.

Bàbá, nígbà tí mo pè yín lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ní ẹnu mi ti gbó. Ẹ ní mi ò tíì parí ọdún àkọ́kọ́ nílé ìwé tí mo fi ń kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ. Ẹ ní èmi tí ẹ rán lọ sí Ìlaròó pé kí n lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ni mo wá ń bá fóònù jà, pé ṣé ọmọ alágbẹ̀dẹ náà wá ń sá fún iná ni. Mo gbọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Mùfú rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yín. Mo fẹ́ dáhùn, àmọ́ ẹ ti rìn kúrò níwájú ilé lọ sábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí fóònù gbogbo wa ti máa ń rò pé a ti wọ ilẹ̀ Faransé, ohùn yín bá já. Màmá wá sọ fún mi pé ẹ ní mo gé fóònù mọ́ yín létí. Ọlọ́run ló mọ̀, mi ò gé e. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé fóònù dání. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Èsì kì í tètè dé ẹnu mi. Ìgbà tí mo ti wà nínú òjò lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá, mo wá ń dá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọlọ́kadà bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Òjò ibí yìí ò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Aṣọ tí mo bá fọ̀ kì í gbẹ, ó máa ń rùn. Yàrá tí mò ń gbé dára ju bí ẹ ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí a jọ ń gbé ibẹ̀ máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ayétòrò ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, èmi nìkan á wá kù pẹ̀lú ariwo òrùlé. Ní kíláàsì, àwọn tó ti ní kọ̀ǹpútà nílé ni wọ́n ń tẹ̀wé bí ẹni ń já ewébẹ̀. Èmi ṣì ń fi ìka kan wá lẹ́tà kiri. Lọ́pọ̀ ìgbà, mo máa ń bi ara mi pé ṣé èmi náà ló yẹ kó wà níbí, àbí wọ́n ṣèèṣì mú mi ni. Ẹ mọ ìdí tí mo fi ń sọ èyí? Kí ẹ má baà rò pé ìgbéraga ló ń dà mí láàmú. Mi ò ní ìgbéraga kankan. Ẹ̀rù ni mo ní. Àmọ́ ẹ̀rù tó ń bà mí lórí ọ̀rọ̀ Àṣíátà ti wá ju ẹ̀rù yín tó ń bà mí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n ò sọ gbogbo rẹ̀ fún yín.

Nígbà tí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ra ọjà ní Kétu lọ́hùn-ún lẹ́yìn ẹnubodè, ẹ ní kí Àṣíátà máa dúró ti ìsọ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Bó ṣe kúrò ní ilé kéwú nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ, òun ń ta ìyọ̀ àti ìpara. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wá gbé fóònù kan wá látinú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi kíkà Àlùkùránì sínú rẹ̀, ohùn ààfáà Lárúbáwá kan tó dùn létí, ó ní kó máa gbọ́ ọ nídìí ọjà, á bá ẹgbẹ́ rẹ̀ pé. Inú gbogbo wa dùn. Inú tèmi náà dùn, mi ò ní purọ́. A ní ẹ ò rí Mùfú bó ṣe ronú. Ọmọ náà ń ta ọjà, ó ń gbọ́ kéwú, ó ń gbè é. Etí Àṣíátà sì mú, ẹ̀yin náà mọ̀. Ohun tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì ti di tirẹ̀.

Nígbà tí mo wá sílé fún Iléyá, ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà, ó ṣí Àlùkùránì, ó ń kà. Àwọn tó ń kọjá lọ dúró. Màmá ń fi etí aṣọ nu ojú. Ìka Àṣíátà ń lọ láti ọ̀tún sí òsì, ó ń bọ́ sí ìlà kejì, ó ń dúró níbi tí èémí ti dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ láti bá a tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, ojú mi bá bọ́ sínú ìwé. Bàbá, ẹ mọ̀ pé kéwú tèmi ò jinlẹ̀, àmọ́ kò jinlẹ̀ náà ni, mi ò fọ́jú. Súrà tó ń kà wà lápá ìparí ìwé. Apá ìbẹ̀rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀. Ìka rẹ̀ ń rìn lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹnu rẹ̀ ń sọ òmíràn, gbogbo ilé sì ń ṣe máṣàálà.

Mo dúró títí àwọn èèyàn fi túká. Mo ní kó padà sí ìlà kan ṣoṣo lẹ́yìn, kó tún un kà. Kò lè ṣe é, àfi kó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Mo fi ìka tọ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, mo ní kí lèyí. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ní kó dárúkọ èèrà. Ó wá ní Ẹ̀gbọ́n Bàsírà, lẹ́tà yìí kì í dá sọ̀rọ̀, àfi tí àwọn yòókù bá wà níbẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ mọ̀ bóyá kéwú nìkan ni. Mo lọ mú ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wá, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ wọn nílé ìwé. Ó kà á bí ẹni ń mu omi. Mo bo àwòrán inú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dákẹ́. Ó ṣàlàyé fún mi pé Tíṣà máa ń so fóònù mọ́ sípíkà, fóònù á ka ìtàn náà, kíláàsì á gbè é, ẹni tó bá gbè é tó dán mọ́nrán jù ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Tíṣà yẹn ò ṣìkà, èrò inú kíláàsì rẹ̀ pọ̀ bí èrò ọjà, ó ń wá ohun tó máa gbà á sílẹ̀ ni. Àmọ́ nílé àti nílé ìwé, fóònù ló ń kàwé. Ọmọ wa ń bá a gbé ohùn. Kò sí ẹnì kankan nínú gbogbo wa tó tíì ní kó fi ojú ara rẹ̀ wo nǹkan.

Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n Mùfú lọ́jọ́ kejì Iléyá nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń tún fóònù ẹnì kan ṣe, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní ta ló máa wo ojú ìwé? Ó ní ìwọ Bàsírà, o ò tíì pẹ́ ní Ìlaròó tí o ti di òyìnbó alábẹ̀wò ilé ìwé, o ti ń yọ́ wo ìwé lẹ́yìn ọmọdé. Ó ní ọmọ tó ti mọ ọ́n sórí ti mọ̀ ọ́n, pé ṣé ojú ìwé làwọn málàíkà fẹ́ bi í ni. Àwọn oníbàárà rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo jáde. Tìtìjú-tìtìjú ni mo fi rìn délé.

Ìgbà tí mo padà síbí ni Àṣíátà fi fóònù Màmá pè mí, tó ní òun fẹ́ bi mí ní nǹkan kan, pé ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó ní ẹ ti dá ọjọ́ wòlímà òun, pé òun máa jókòó sórí ẹní níwájú gbogbo èèyàn bíi ti àwọn tó ti ka Àlùkùránì já, òun á kàwé, àwọn ààfáà á sì ṣàdúà fún òun. Ó ní àwọn súrà gígùn ò tíì dúró lórí òun. Ó ní Ẹ̀gbọ́n Mùfú ti ra íápíìsì kan tó kéré bí ẹ̀wà, tí kò ní okùn, pé híjáàbù á bò ó, Ẹ̀gbọ́n á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú fóònù, ààfáà inú fóònù á máa kà á sí òun létí díẹ̀díẹ̀, òun á máa tẹ̀ lé e. Ó ní wọ́n ti ń dán an wò nínú yàrá tí a ń kó àgbàdo sí, pé ó ń yún òun létí, pé Ẹ̀gbọ́n máa ń kígbe mọ́ òun tí òun bá pẹ́ jù, á ní kí ló ń ṣe ọ́, ṣebí ọkùnrin inú fóònù ti sọ ọ́ fún ọ!

Bàbá, mo rò pé ẹ ò mọ̀. Mo fi odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbára lé e pé ẹ ò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè yín. Ẹ wá sọ fún mi pé ẹ mọ̀. Ẹ ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé ìgbàlódé la wà, pé bí ìjọba pàápàá ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, pé kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ ran ọmọdé lọ́wọ́ láti kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ní àwọn àna wa ń bọ̀ láti Kétu, ẹ ti san owó ẹran sílẹ̀, ẹ ti pe àwọn ààfáà, àti pé ọmọ ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ àbúrò fún Àṣíátà ti ṣe tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Èsì tó yẹ kí n fún yín lọ́jọ́ náà nìyí.

Ìrànlọ́wọ́ kọ́ nìyẹn, Bàbá. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ ọmọ jẹ, tó wá ń fi ẹnu ọmọ hàn fáráyé pé ẹ wò ó, ó ti yó, kò ran ọmọ náà lọ́wọ́. Ìtìjú yín ni ẹ fẹ́ bò mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ yọ ọ́ ní ilé kéwú. Ìsọ̀ lẹ fi í tì, kì í ṣe pé ó yọ̀lẹ. Nígbà tó wá ku ọ̀rọ̀ pé kí ẹ dúró dè é kó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, ẹ ò lè dúró, torí ẹnu àwọn àna. Ẹ wá ní kí ọmọdé fi etí ara rẹ̀ gbé irọ́ àgbàlagbà. Inú ń bí mi, Bàbá. Mo ti pa gbólóhùn yẹn rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo tún kọ ọ́ padà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ fóònù jù nílé, ẹ̀yin sì lẹ gọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ gbàgbé àṣà ìlú wa ni? Bí ọmọ bá kà tán, ààfáà àlejò tó dàgbà jù á na ọwọ́ sí ìwé, á ṣí ibi tó bá wù ú, á ní kà á níbí. Kì í sọ orúkọ súrà. Ìka ló fi ń tọ́ ọ. Báwo ni fóònù yín ṣe máa rí ìka yẹn láti ẹ̀yìn tápólì tí ẹ máa fara pamọ́ sí? Mo bi yín ní ìbéèrè yìí, ẹ ní ẹ máa fi nǹkan sí ààfáà náà lọ́wọ́ kó tó jókòó. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ yẹn dáadáa. Ẹ fẹ́ fi irọ́ kan ti irọ́ mìíràn lẹ́yìn, lórí ìwé Ọlọ́run, ẹ sì ń pè é ní ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Àmọ́ kì í ṣe pé kí àṣírí tú lọ́jọ́ náà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí àṣírí bá tú, Àṣíátà á sunkún, ojú á tì í, yóò dìde, yóò padà sí ìdí wàláà rẹ̀. Ọmọdé ń gbàgbé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kó lọ láìsí wàhálà. Bí ó bá lọ dáadáa, tí wọ́n bá ya fọ́tò rẹ̀, tí wọ́n bá ṣàdúà, tí wọ́n bá fi láwàní sí i lórí, ó ti tán fún un. Ta ló máa mú ẹni tó ti ṣe wòlímà padà sí lẹ́tà àkọ́kọ́? Ó ti di ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ààfáà ò ní kọ́ ọ mọ́, ojú á ti òun náà láti béèrè. Bí wọ́n ṣe ṣe fún un ní kéwú ni wọ́n á ṣe fún un nílé ìwé, á máa gba ipò kìíní lọ pẹ̀lú etí, títí ọjọ́ kan tí wọ́n á gbé ìwé sílẹ̀ níwájú rẹ̀ láìsí ohùn kankan. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà nínú kíláàsì mi níbí. Wọ́n máa ń jókòó sẹ́yìn, wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ.

Ẹ sì má sọ pé mo kórìíra fóònù. Fóònù ni mo ń fi jẹun. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn kíláàsì jẹ́ lẹ́sìn àwọn ọmọdé, àfikún ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ilé ìwé, ti ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọmọ ìjọ ni, Màmá Tíṣà la ń pè é. Fóònù rẹ̀ ti fọ́ lójú. Ohun tó ń fi í ṣe ò ju èyí lọ: ọmọ á ṣí ìwé, á kà á fúnra rẹ̀, fóònù á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ọmọ á gbọ́ ara rẹ̀, ojú rẹ̀ á wà nínú ìwé, pẹ́ńsùlù á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibi tó bá ti gbọ́ pé ẹnu òun ò bá ìwé mu, á fa ìlà sí i. Ọmọkùnrin kan bú sẹ́kún lọ́jọ́ kan, ó ní fóònù yìí purọ́ mọ́ òun, òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Màmá Tíṣà ní ó dáa, kí òun àti fóònù tún jọ dé ìwájú adájọ́. Ó tún un kà. Ó gbọ́ ọ. Ó ní hẹ̀n-ẹ́n, èmi ni. Ó sì fi pẹ́ńsùlù sí i. Màmá Tíṣà máa ń fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sílé pé kí òbí jókòó ti ọmọ kó tún un kà létí wọn. Òmíràn nínú àwọn òbí á kàn kọ ẹ ṣeun mà padà kí ohùn náà tó tiẹ̀ ṣí. Àwọn tó bá jókòó tì í, a máa ń mọ ọmọ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ohun tí mo ti ń bá Àṣíátà ṣe nìyẹn láti ìgbà tó ti bi mí ní ìbéèrè rẹ̀. Tí Màmá bá ti ọjà dé, ọmọ náà á fi fóònù wọn ya fọ́tò wàláà rẹ̀ sí mi, á fi ìka sí lẹ́tà kan, á kà á, á fi ohùn ránṣẹ́. Mi kì í sọ fún un pé ó ṣì í kà. Mo máa ń ní gbọ́ ara rẹ, kí o sì wo igi wàláà. Mi ò mọ̀ bóyá mò ń ṣe é bó ṣe yẹ. Nígbà mìíràn dátà á tán láàárín. Nígbà mìíràn èmi gan-an ò dá lẹ́tà náà mọ̀. Lẹ́tà méjì kan wà tí àmì tó wà lórí wọn ń dà mí lójú rú, mo ní kó lọ bi Ààfáà rẹ̀. Ó lọ. Ó lọ lọ́jọ́ kejì, ó tún lọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ilé kéwú nìyẹn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kó tó lọ ṣí ìsọ̀.

Ibí yìí ni mo kọ ọ́ dé lánàá, tí mo fẹ́ máa bẹ̀ yín pé kí ẹ sún ọjọ́ síwájú. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tó máa rọ̀ yín. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, nígbà tí mò ń múra kíláàsì, Màmá pè mí. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn wọn pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Màmá ní Àṣíátà ti lọ sọ fún Ààfáà fúnra rẹ̀. Ààfáà ló sọ ọ́ fún Màmá nídìí ìsọ̀. Ó ní ọmọ náà dé, kò jókòó, ó ní òun fẹ́ ka ti wòlímà òun kí Ààfáà gbọ́. Ó ṣí ìwé, ó fi ìka sí i, ó ń kà á bí ìgbín, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Ààfáà ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Ó ka súrà kékeré kan tán, ó bẹ̀rẹ̀ èkejì, ó dé àárín, ó dá ìka dúró, ó ní ibi tí òun mọ̀ nìyí. Ààfáà ní ìyókù ńkọ́? Ó ní ìyókù wà nínú fóònù Ẹ̀gbọ́n Mùfú.

Màmá ní Ààfáà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, ọmọ tó kó ìmọ̀ rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà ló ní kí Àṣíátà ṣàlàyé, Àṣíátà sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, yàrá àgbàdo, íápíìsì, híjáàbù, gbogbo rẹ̀. Ààfáà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun ò ní jókòó níbi wòlímà yẹn, ààfáà kankan tí òun mọ̀ ò sì ní jókòó níbẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ wá bá yín lọ́la lẹ́yìn ìrun Alásàrì. Màmá ní ẹ ò tíì gbọ́, pé Àṣíátà wà ní yàrá Ìyá Àgbà, ó fi ìró bo orí, ó ní òun ò jáde.

Bàbá, mi ò rán an níṣẹ́ yẹn. Ẹ lè má gbà mí gbọ́. Ká ní ó bi mí ni, ẹ̀rù á bà mí, màá ní kó dúró kí n kọ ìwé mi tán ná. Èmi tí mo ti wà lókèèrè tí mo ń kọ gbólóhùn tí mo ń pa á rẹ́, ọmọdé ti dìde lọ.

Nítorí náà mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ sún ọjọ́ mọ́. Ọjọ́ ti sún ara rẹ̀. Ohun tó kù ni ọwọ́ yín. Mo mọ ọwọ́ náà, mo sì mọ bẹ́líìtì tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Bí ẹ bá nà án nítorí pé ó sọ òtítọ́ fún ààfáà, èmi ò tún ní jẹ owó ilé ìwé tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Màá máa bá Màmá Tíṣà ṣiṣẹ́, màá san èyí tí agbára mi bá ká, èyí tí kò bá ká màá fi í sílẹ̀. Mi ò fi dẹ́rù bà yín. Ọkàn mi ò tiẹ̀ lágbára tó ẹni tó ń dẹ́rù bani. Mo kàn mọ̀ pé mi ò ní lè gbé owó yẹn mì.

Ìdí tí mo fi fi ìwé yìí sójú ewé àwọn ọmọ ìlú wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì rèé. Màmá ní àwọn ìyá kan ti wá bá Ẹ̀gbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ó ní nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń fi sí ọmọ létí, pé ọmọ àwọn fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọlé sí ilé ìwé gíga. Ẹ̀gbọ́n ti ń gba orúkọ. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ ti sanwó, ẹ lọ gbà á padà. Fóònù tí ẹ ní nílé yẹn tó. Ẹ ní kí ọmọ yín kàwé sí i, kí ẹ̀yin àti òun jókòó gbọ́ ọ. Ó le díẹ̀. Á gba ìrọ̀lẹ́ yín. Àmọ́ ọmọ yín ló máa mọ̀wé.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ní Ìmẹ̀kọ, ẹ kí àwọn ará ilé Kétu tí wọn ò ní rí ẹran jẹ lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n má bínú. Ẹ kí Ààfáà, ẹ ní mo dọ̀bálẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ó fún Ìyá Àgbà ní ẹsẹ̀ tó le, kí ó bá Màmá ṣọ́ ojú ọ̀nà ẹnubodè, kí ó fún Ẹ̀gbọ́n ní òwò tí kò ní í bá a wí lọ́jọ́ ìkẹyìn. Kí ó má jẹ́ kí á ṣe ara wa léṣe nítorí ẹnu ayé.

Nígbà tí Ààfáà bá dé lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àgbà, ẹ pe Àṣíátà jáde ní yàrá. Ẹ ní kó ka súrà kékeré yẹn létí yín. Á pẹ́ o, torí lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì ni. Á máa dúró, á máa padà sẹ́yìn, ẹ má sì ràn án lọ́wọ́. Ẹ kàn jókòó.

Èmi ni, pẹ̀lú ìbínú àti ìkúnlẹ̀,

Bàsírà, ọmọ yín.